Ẹni Tí Ń Ti Bọ́ọ̀lù: Ìrírí Mi Lórí Yíyan Àwọn Tí Yóò Dúró Nínú Ẹgbẹ́ Họ́kì Wa

Ní alẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ yóò mọ́ sí Ojúde Ọba, mo jókòó sínú yàrá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ìwé rẹ́jísítà, báírò pupa kan àti orúkọ ọmọbìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mo sì ń pa orúkọ rẹ́. Ìlù ń dún níta. Àwọn regbérẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, tí wọ́n péjọ sí ilé kejì sí tiwa ń pín aṣọ, wọ́n ń pariwo lé ẹni tí kò tíì san owó tirẹ̀ lórí, èmi sì ń wá bí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yóò ṣe di méjìdínlógún. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, mo ti parí. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí mo fi odidi ọdún kan tún ṣe, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ẹgbẹ́ kékeré kan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí sáà ìdíje bá sì parí tí ó di dandan fún un láti sọ pé lágbájá yóò dúró, tàmẹ̀dò yóò lọ.

Ọmọ Ṣàgámù ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbé mi dé Ìjẹ̀bú-Òde. Mo gbá họ́kì nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́, n kò gbá a dé ibi tí ẹnikẹ́ni yóò fi rántí orúkọ mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n débi pé nígbà tí àwọn ọmọ kan wá bẹ̀ mí pé kí n máa kọ́ àwọn, n kò rí àwáwí ṣe. Họ́kì orí pápá ni mò ń sọ, kì í ṣe ti orí yìnyín tí wọ́n ń gbá ní Kánádà. Ènìyàn 11 ni ó ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ń pín eré sí, ìṣẹ́jú 15 sì ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, tí ó sì yẹ kí n ti rántí ní alẹ́ ọjọ́ náà, ni pé kò sí iye ìgbà tí ènìyàn kò lè pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù: ẹni tí ó jáde ní ìṣẹ́jú kẹta lè padà wọlé ní ìṣẹ́jú kẹfà, eré kò sì ní dúró dè é. Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kì í ṣe ẹni tí a kàn fi pamọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ bíi ti àwọn yòókù, àti pé ẹni tí ó bá ń yan ẹgbẹ́ họ́kì bí ẹni tí ń yan mọ́kànlá tí yóò wá fi àwọn mìíràn kún un, ó ti ṣìnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ méjìdínlógún? Ìdíje tí a fẹ́ lọ ní sáà tí ó ń bọ̀ kò gba orúkọ tó ju 18 lọ, bọ́ọ̀sì tí a sì máa ń háyà lọ sí Èkó, ẹlẹ́ni 18 ni. Lójú mi, Ọlọ́run ti bá mi ṣe ìṣirò náà. Ó di òwúrọ̀ ìrìn-àjò àkọ́kọ́ kí n tó rántí pé dírẹ́bà yóò jókòó, pé èmi náà yóò jókòó, àti pé báàgì tí aṣọ́lé, ìyẹn gólì, ń kó ohun ìdáàbòbò rẹ̀ sí tóbi tó ènìyàn kan gbáko. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n wọ ọkọ̀ èrò ní gáréèjì lọ́jọ́ náà, inú owó oúnjẹ ni a sì ti yọ owó ọkọ̀ wọn. Ṣáájú kí ẹ tó ka ènìyàn, ẹ lọ ka ìjókòó.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo wò ni góòlù. Ní sáà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, bọ́ọ̀lù 14 ni a gbá wọ àwọ̀n, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì gbá 9 wọlé nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ, mo sì fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ jà mí lólè rẹ̀.

Ohun kejì ni rẹ́jísítà. Mo ṣe òfin fún ara mi pé ẹni tí ó bá ti pa ìgbaradì jẹ ju ìgbà mẹ́wàá lọ yóò lọ, ẹni yòówù kí ó jẹ́. Òfin náà dùn mọ́ mi. Ó jẹ́ kí n rò pé n kò ṣe ojúsàájú, pé ìwé ni ó ń dájọ́, kì í ṣe èmi. Báyìí ni mo fi pa orúkọ ọmọ kan rẹ́ tí ó máa ń gbá ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tí ó ń ti abúlé kan ní ìhà Ìmosàn wá, tí kì í sọ̀rọ̀ títí ìgbaradì yóò fi parí. Ìgbà méjìlá ni kò wá. N kò bi í léèrè ohun tí ó fà á. Ká ní mo bi í ni, yóò ti sọ fún mi pé mẹ́ta nínú ìgbà méjìlá náà bọ́ sí àsìkò Agẹmọ, nígbà tí obìnrin kò gbọdọ̀ sí lójú ọ̀nà tí Agẹmọ ń gbà kọjá, àti pé èyí tí ó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń yan gàrí fún ọjà. Èmi ọmọ Rẹ́mọ, tí a bí síbi tí Orò ti ń sé obìnrin mọ́lé, ni mo fi báírò pupa sàmì àìwá sí orúkọ ọmọ tí àṣà ìlú ká mọ́lé. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ohun kẹta ni èyí tí n kò fẹ́ kọ. Ọkùnrin kan wà tí ó ra ọ̀pá họ́kì àti bọ́ọ̀lù fún wa lọ́dún náà, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin sì wà nínú ẹgbẹ́. Ọkùnrin náà kò sọ ohunkóhun fún mi. Kò tilẹ̀ pè mí. Èmi ni mo pe ara mi lóru, tí mo sọ fún ara mi pé ènìyàn kì í rí ẹni bù ú lómi kí ó da eérú sí i lójú. Ọmọ náà kì í ṣe ọmọ burúkú, eré sísá ni kò fẹ́ràn.

Aṣọ́lé kejì lọ pẹ̀lú, nítorí pé ìpín eré kan péré ni ó gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi aṣọ́lé méjì ṣe nígbà tí ojú ilé jẹ́ ọ̀kan? Mo sì tún ṣe ohun kan tí ẹni tí kò gbá họ́kì rí lè má kà sí. Kò sí ọ̀pá họ́kì tí wọ́n ṣe fún ọlọ́wọ́ òsì. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti pẹlẹbẹ, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù. Nítorí èyí, apá òsì pápá ṣòro ju apá ọ̀tún lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: bọ́ọ̀lù máa ń bọ́ sí ibi tí ọwọ́ kò ti tètè dé, ènìyàn sì ní láti yí ara tàbí kí ó yí orí ọ̀pá padà kí ó tó gbá a. Ọmọ mẹ́ta ni ó mọ apá òsì gbá nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo parí ìpàrẹ́ mi, ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù, n kò sì mọ̀, nítorí pé orúkọ ni mò ń kà, n kò ka ipò.

Ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, mo gbé orúkọ méjìdínlógún sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ kú ọdún o, àwọn wọ̀nyí ni yóò bá wa lọ.” Mo sì sùn. Nígbà tí mo jí, ojú fóònù mi kún fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó tò lé ara rẹ̀ nísàlẹ̀: lágbájá ti jáde, lágbájá ti jáde, lágbájá ti jáde. Mẹ́sàn-án. Kò sí ẹni tí ó bú mi, kò sí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo rí méjì nínú wọn láàárín èrò ní Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá lọ. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi. “Àǹtí, ẹ kú ọdún mà.” Ọ̀kan nínú wọn kò gbé ojú sókè, bàtà mi ni ó ń wò títí ó fi dìde. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo àwọn regbérẹ́gbẹ́ bí wọ́n ṣe ń tò kọjá nínú aṣọ wọn, tí àwọn tí kò mọ ijó jó wà láàárín àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jó, tí àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn sì ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ orí ni ó kó wọn jọ, ẹnikẹ́ni kò sì lè tìtorí ẹsẹ̀ rírọ lé ẹnìkan kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ họ́kì kò lè rí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo wá rí i pé àwọn ọmọ mi ti ń ka ara wọn sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi nìkan ni mo rò pé orúkọ lásán ni mò ń pa rẹ́.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Eré àkọ́kọ́ wa wáyé ní Sùúrùlérè, lórí tọ́ọ̀fù, ìyẹn koríko àtọwọ́dá. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí pé ó wà lára ohun tí ó ṣì mí lọ́nà. Láti ìgbà Olympics ọdún 1976 tí ó wáyé ní Montreal ni wọ́n ti ń gbá họ́kì Olympics lórí tọ́ọ̀fù, àwa sì ń ṣe ìgbaradì tiwa lórí koríko àti ilẹ̀ pupa. Lórí ilẹ̀ tiwa, bọ́ọ̀lù ń fò, ó ń yà, ẹni tí ó bá lágbára láti fọ́ ọ lọ jìnnà ni ó dà bí ọ̀gá. Lórí tọ́ọ̀fù, bọ́ọ̀lù ń sáré tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń fi ọ̀pá gbà á dúró jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá. Àwọn afọ́-bọ́ọ̀lù ni mo yàn. Nínú bọ́ọ̀sì, mo fi ìtàn àwọn obìnrin Zimbabwe kì wọ́n láyà, àwọn tí wọ́n kó jọ ní kánmọ́kánmọ́ lọ sí Olympics ọdún 1980 ní Moscow nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ láti lọ, tí wọn kò gbá bọ́ọ̀lù lórí tọ́ọ̀fù rí, tí wọ́n sì gba wúrà bọ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Márùn-ún sí òdo ni wọ́n nà wá.

Kì í ṣe márùn-ún náà ni ó dùn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a rí pẹ́nátì kọ́nà gbà nínú eré náà, a kò sì rí ohunkóhun fi ṣe. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: bí wọ́n bá fún ẹgbẹ́ ní pẹ́nátì kọ́nà, wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù sórí ìlà ẹ̀yìn, ní ìwọ̀n mítà 10 sí òpó ojú ilé. Àwọn tí ń kọlu ilé yóò dúró lẹ́yìn ìlà róbótó tí ó yí iwájú ilé ká, èèyàn márùn-ún péré, tí aṣọ́lé wà lára wọn, ni yóò dúró lẹ́yìn ìlà láti dáàbò bo ilé, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yòókù yóò sì ti lọ sí ìdajì pápá. Ẹnìkan yóò wá ti bọ́ọ̀lù láti orí ìlà ẹ̀yìn jáde kúrò nínú róbótó, ẹnìkan yóò gbà á dúró, ẹnìkan yóò gbá a. Àfi kí bọ́ọ̀lù náà kọ́kọ́ jáde kúrò nínú róbótó kí ẹnikẹ́ni tó lè gbá a sí ilé. Lójú òǹwòran, ẹni tí ó gbá a ni ó ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní kété tí wọ́n bá ti bọ́ọ̀lù ni àwọn adáàbòbò ti ń sáré bọ̀, bí ẹni tí ń tì í bá sì pẹ́ jù, tàbí tí bọ́ọ̀lù bá fò díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ọmọ tí ó gbá góòlù 9 wọlé lọ́dún tí ó kọjá wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, òógùn bò ó, ó ní, “Àǹtí, bọ́ọ̀lù ò dé ọ̀dọ̀ mi o.” Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ó lọ wá a lọ. Ó wò mí, ó sì padà lọ. Ní alẹ́, nínú bọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń sún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ni mo tó bi ara mi pé ta ni ó ń ti bọ́ọ̀lù fún wa lọ́dún tí ó kọjá. Mo mọ̀ kí n tó parí ìbéèrè náà.

Nígbà tí mo délé, mo gba àwọn fídíò tí òbí kan yà lọ́dún tí ó kọjá, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú góòlù 9 tí mo fàlà sí nídìí, méje ni ó ti orí pẹ́nátì kọ́nà wá, ọmọ Ìmosàn ni ó sì ti bọ́ọ̀lù méjèèje. Kò sí ìgbà tí fóònù náà tẹ̀lé e. Á tẹ̀ ba, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á wà lẹ́yìn ìlà, ọwọ́ rẹ̀ á sún mọ́ ilẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì lọ láìfò rárá, fídíò yóò tẹ̀lé bọ́ọ̀lù lọ, òun yóò sì kúrò nínú àwòrán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi náà ṣe mú un kúrò.

Ìyókù sáà náà kò gba àlàyé púpọ̀. Aṣọ́lé wa fi orúnkún pa ní eré kẹta. Ọmọ kan tí kò wọ aṣọ aṣọ́lé rí ni a gbé e wọ̀, kò sì lè rìn dáadáa nínú rẹ̀ kí á tó sọ pé kí ó fò. Àwọn méjì tí mo gbójú lé láàárín pápá gba lẹ́tà ìgbaniwọlé sí yunifásítì, ọ̀kan lọ sí ìlú tí ó jìnnà, bẹ́ẹ̀ mo ti mọ̀ pé wọ́n ṣe JAMB, mo sì ti bá wọn gbàdúrà pé kí wọ́n yege. Mo gba àdúrà fún ohun tí yóò tú ẹgbẹ́ mi ká, n kò sì fi arọ́pò kankan sí ipò wọn.

Nísinsìnyí, n kì í yan ènìyàn lálẹ́ ọjọ́ kan mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ń fún ara mi lẹ́yìn tí sáà bá parí, ohun tí mo sì kọ́kọ́ ń ṣe ni kí n jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí n bi í pé: ṣé o máa wà nílùú? Ọjọ́ wo ni ilé nílò rẹ? Kí ni ó máa ń dá ọ dúró? Ìdáhùn wọn máa ń yí rẹ́jísítà padà pátápátá. Mo ń fi ipò ṣáájú orúkọ, n kò sì gbọdọ̀ kọ orúkọ kankan títí tí mo fi ní aṣọ́lé méjì, ènìyàn mẹ́ta fún apá òsì, àti ènìyàn méjì tí ó lè ti bọ́ọ̀lù pẹ́nátì kọ́nà. Bí mo bá rí àyè, a máa ń wá tọ́ọ̀fù fún ọjọ́ kan kí n tó pinnu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọkọ̀ rẹ̀ ń dun ènìyàn.

Ohun kan tí ó là mí lójú jù ni ìwé pélébé. Mo fún gbogbo wọn ní bébà, mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ènìyàn mẹ́ta tí ó fẹ́ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun bí wọ́n bá fún ẹgbẹ́ mìíràn ní pẹ́nátì kọ́nà sí wa, kí ó má kọ tirẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù máa ń mọ ohun tí kóòṣì kò rí, nítorí pé òun ni bọ́ọ̀lù yóò bà. Àwọn orúkọ tí ó jáde kò jọ ti inú ìwé mi. Ọmọ tí mo jẹ́ kí ó dúró nínú ẹgbẹ́ nítorí ọ̀pá họ́kì tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ rà, kò jáde nínú ìwé ẹnikẹ́ni, mo sì lọ sọ fún ọkùnrin náà fúnra mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ náà ti ń wá ọ̀nà láti kúrò tipẹ́, ẹ̀rù mi ni ó ń bà á.

Mo ń sọ ọ́ fún wọn lójúkojú báyìí, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Kò dín ẹkún kù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọmọ àkọ́kọ́ tí mo sọ fún bẹ́ẹ̀ bi mí pé, “Àǹtí, kí ni kí n ṣe kó tó di ọdún tó ń bọ̀?” N kò ní èsì. Láti ọjọ́ náà, bí n kò bá tíì kọ èsì ìbéèrè yẹn sílẹ̀ fún ọmọ kan, n kì í tíì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Kí gbogbo ìyípadà yìí tó bẹ̀rẹ̀, mo ti lọ sí Ìmosàn, sọ́dọ̀ ọmọ tí ó máa ń ti bọ́ọ̀lù. Ọ̀sán Sátidé ni. Ìyá rẹ̀ ń jọ gàrí, òun wà nídìí agbada, ó tẹ̀ ba, ó ń fi igbá yí gàrí láti ìsàlẹ̀, èéfín sì bò ó lójú. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Ìyá náà wò mí fún ìgbà díẹ̀. “Ẹ̀yin ni Àǹtí họ́kì.” Kì í ṣe ìbéèrè. Ó ní kí n jókòó, ó ní ọmọ náà sunkún lọ́jọ́ ọdún, ṣùgbọ́n ó ti kìlọ̀ fún òun pé òun kò gbọdọ̀ sọ fún mi. Mo yí sí ọmọ náà, mo sọ ohun tí mo ṣe láìfi àwáwí kún un: Agẹmọ, rẹ́jísítà, WhatsApp, gbogbo rẹ̀. Kò dáhùn. Ó kó gàrí tí ó ti gbẹ sínú abọ́, ó da òmíràn sínú agbada.

“Ta ló ń ti bọ́ọ̀lù báyìí?”

Mo dárúkọ ẹni náà.

“Ọwọ́ tiẹ̀ ga jù mà. Kì í bẹ̀rẹ̀ tó.” Ó fi igbá sílẹ̀, ó wọlé, ó sì gbé ọ̀pá rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Téèpù ọrùn rẹ̀ ti ṣí dànù. Ó ní òun lè wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé, òun kò ní lè wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yan gàrí fún ọjà, òun kò sì ní wá nígbà Agẹmọ, àti pé kí n kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà lójú òun kí òun tó dìde lọ síbi kankan. Mo ṣí ìwé náà lórí ẹsẹ̀ mi, mo wá báírò nínú báàgì. Èyí tí ó wà níbẹ̀, pupa ni. Ó wò ó, ó ní kí n dúró, pé búlúù wà nínú ilé.